Kì í ṣe ọbẹ̀ akàn Sìdí ló mú ojú Làmídì wú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ìyá àgbà ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara da bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Bàbá Fúnmi, ọkọ mi, nìkan ni mo sọ ọ́ fún, ó sì ti kú. Kò sí ẹni tó ń bá mi gbé e mọ́.

Festac ni à ń gbé, láti ìgbà tí ìjọba ti fún ọkọ mi nílé níbẹ̀. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kékeré sí ẹnu kílóòsì, òpópónà ilé wa. Mo mọ gbogbo àwọn oníbàárà mi: Ìyá Bísí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Bọ̀dá Felix tó ní ọgbẹ́ inú, Mísísì Òkè àti àwọn ìbejì rẹ̀. Mo sì mọ Sìdí, ọ̀rẹ́ mi, àti Làmídì ọkọ rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ní Alákijà.

Ìwé àṣẹ tí mo ní, oògùn ibà àti ti orí fífọ́ ló wà fún. Àmọ́ mo ń ta àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn lábẹ́lẹ̀. Màá ka kápúsù láti inú agolo sínú bébà pélébé, màá fa ìlà sí i lára: méjì àárọ̀, méjì alẹ́. Kò ní sí orúkọ lára rẹ̀. Àwọ̀ ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Dúdú àti pupa, ampicillin nìyẹn. Pupa àti yẹ́lò, amoxicillin.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Làmídì wá, eyín ń dùn ún. Ó ní, "Màmá, ẹ má fún mi ní ampicillin o. Ìgbà tí mo lò ó, gbogbo ara mi ló sú."

Mo ní, "Wo èyí, pupa àti yẹ́lò ni, ṣé ó dúdú ni? Òmíràn nìyí."

Ó gbé méjì mì níbẹ̀, omi mi ló fi lò ó. Ó lọ sílé, ó jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ akàn tí Sìdí sè.

Kò tó wákàtí kan tí ojú rẹ̀ fi wú, tí kò lè mí dáadáa. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ń bèèrè ohun tó lò. Sìdí sáré wá bá mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. "Ìyá Fúnmi, oògùn wo lẹ fún un?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Mo ní, "Pánádólù ni."

Ọlọ́run ṣàánú wa, ara Làmídì yá, ohun tí mo pe oògùn náà ni òun náà sì gbà. Ṣùgbọ́n Alhaja Ràbí, ìyá rẹ̀, ní ọbẹ̀ akàn ni. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ọwọ́ Sìdí ò mọ́. Láti ọjọ́ náà, Làmídì ò jẹ ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti ń jẹun, nígbà tí ìyá sì kú, Mulíkátù, àbúrò Làmídì, ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Wọn kì í jà o. Ó kàn ní ara òun ò gbà á.

Èmi náà fẹ́ gbà pé akàn ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwa olóògùn pè wá sí ẹ̀kọ́. Àǹtí Ngozi ló kọ́ wa, ọmọ Ìbò tó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Ó ní kí a yé wo àwọ̀, nítorí bó ṣe wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kun tiwọn. Ó ní kí a máa wo ìparí orúkọ. Èyí tó bá parí sí olol, ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ń mú kí ọkàn rọra lù. Èyí tó bá parí sí pril, ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni, ó sì lè fa ikọ́ gbígbẹ. Mo rántí ikọ́ Ìyá Bísí tí kò lọ bọ̀rọ̀. Mo padà ní kó lọ rí dókítà rẹ̀, wọ́n bá a pààrọ̀ oògùn, ikọ́ sì lọ. Prazole, ti ọgbẹ́ inú, ti Bọ̀dá Felix nìyẹn. Inú mi ń dùn bíi ti ọmọ iléèwé.

Ó wá kan cillin. Ó ní, "Ìdílé kan ni gbogbo wọn. Ẹni tí ọ̀kan bá bá jà, kó sá fún gbogbo wọn."

Ìyá Rónkẹ́ tó jókòó tì mí ní, "Bí ilé ọkọ mi ṣe rí gan-an nìyẹn." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá Làmídì. Mo ní kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun tó bá parí sí cillin, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́, kó sì máa sọ ọ́ fún gbogbo dókítà. Mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní èmi ni mò ń ṣọ́ ẹ̀mí òun. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé iṣu wá. Mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò ta irú oògùn yẹn mọ́.

Nígbà tí Bàbá Fúnmi kú, Sìdí fi ogójì ọjọ́ wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń dáná, ó ń di irun mi, a jọ ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ mi ṣe máa ń hanrun. Ìbànújẹ́ wà, ṣùgbọ́n mo jẹun, mo sùn, ọkàn mi balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó se ọbẹ̀ akàn. Ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ akàn mu. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í bẹ̀rù ọbẹ̀ mi." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Alhaja Ràbí ti lọ, kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́, ṣùgbọ́n Làmídì ṣì wà. Tí mo bá sọ fún Sìdí nìkan, mo mọ̀ ọ́n, ó máa ní ó ti tán, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, Mulíkátù á sì máa gbé abọ́ wọlé lọ. Tí mo bá pe àwọn méjèèjì pọ̀, ojú ọkọ rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe é.

Mo ti gbà pé Làmídì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?