Táyà Tó Wọ Búùtù Tí Kò Wọ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ìyàwó mi kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo máa ń ka Bíbélì níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn mi kì í sì í gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ Òṣú ni mí, Òṣogbo ni mo ń gbé. Bàbá tó bí mi kú nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùṣọ́ ìjọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, àwọn ló mú mi sọ́dọ̀, tí wọ́n fi mí sí ilé ìwé ìjọ. Ohun gbogbo tí mo dà lónìí, lẹ́yìn Ọlọ́run, ọwọ́ wọn ni mo ti rí i. Mo dúpẹ́ nígbà náà, mo ṣì ń dúpẹ́.

Nígbà tí Bàbá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ìjọ ra mọ́tò àlòkù kan fún wọn. Mọ́tò náà dára, ṣùgbọ́n táyà sípíà inú búùtù rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọ̀kadà. Ìjọ ní kí èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé wá táyà tó tóbi tó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an, kí Bàbá má bàa há sójú ọ̀nà.

Mo gbé mọ́tò náà lọ bá Múfú ní Alékúwodò. Fọ́kanáísà ni Múfú, a sì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí a jọ yá ilé gbé, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbéyàwó. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n kò sí ìkórè ìjọ wa tí kì í wá. Òun ló ń lẹ táyà bọ́ọ̀sì ìjọ, kì í gba nǹkan kan. "Ọmọ mi ará Òṣogbo" ni Bàbá ń pè é.

Mo ti ra táyà náà tòun ti ríìmù rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta àlòkù. Ojú lásán ni mo fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí a gbé e sínú búùtù, kòtò tí táyà kékeré náà wà tẹ́lẹ̀ kò jìn tó. Pákó tó ń bo ilẹ̀ búùtù kò dúró dáadáa mọ́. Múfú yọ fóòmù tí wọ́n to jáàkì sí, ó dojú táyà dé, ó gé igi pẹlẹbẹ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí pákó lè tẹ́jú. Bóòtù tó yẹ kó di táyà mú kúrú jù, ó tún wá èyí tó gùn. Ó tó wákàtí méjì. Nígbà tí búùtù padé, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Akọ̀wé," ló wí, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "búùtù ti gbà á. Ó ku ẹsẹ̀ ọkọ̀. Gbé jáàkì wá, ká dán an wò."

Òjò ti ṣú. Ọjọ́ kejì la fẹ́ fún Bàbá ní kọ́kọ́rọ́ níwájú ìjọ, mo sì ti fọ mọ́tò. Mo wo búùtù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, tí a ó tún tú palẹ̀.

"Mo ti dán an wò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á," ni mo wí.

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé dáadáa."

"Ó dáa, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Àbí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì máa ń purọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò dán an wò níbì kankan.

Oṣù bíi mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Bàbá ń lọ sí Ìbòkun. Ọmọbìnrin tí àbúrò wọn obìnrin tó ti kú fi sílẹ̀ ló fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Bàbá ló tọ́ ọmọ náà. Wọ́n ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn pé àwọn fúnra àwọn ni yóò so ó pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀.

Táyà ẹ̀yìn bẹ́ níbi tí kò sí ilé. Ẹni tó ń wà wọ́n gbé sípíà jáde. Ihò nọ́ọ̀tì márààrún bára mu, ṣùgbọ́n ihò ńlá àárín ríìmù kéré díẹ̀ ju irin tí táyà máa ń jókòó lé lọ. Ohun tó fi kéré kò ju èékánná lọ. Wọ́n fi òkúta lù ú, kò wọlé. Bàbá jókòó lé táyà náà lẹ́bàá ọ̀nà nínú aṣọ ìsìn funfun wọn. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tó gbé wọn dé Ìbòkun, àlùfáà mìíràn ti parí ìsìn, àwọn èèyàn ti ń jẹun. Ọmọ náà kàn ní, "Bàbá, mo ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá ránṣẹ́ pe Múfú sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti àwọn àgbà mélòó kan wà níbẹ̀.

"Múfútáù," ni Bàbá wí, "kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Múfú dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo ní ká dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi ló ní òun ti dán an wò. Òun nìyí, ẹ bi í."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá náà wò mí, mo sì rí i lójú wọn pé wọn kò fẹ́ kó jẹ́ èmi.

Mo ní, "Bàbá, èmi mọ táyà ni? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó rọrùn lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí kò bá wa jọ́sìn lè bá wa ṣòótọ́." Múfú dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí ògiri sì yẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìjọ ti gba bọ́ọ̀sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ tó ń gbé ọkọ̀ wá bá a kò wá mọ́. Bàbá gbàdúrà kan lórí pẹpẹ pé kí Olúwa gba àwọn lọ́wọ́ ẹni tó ń bá ni jẹun tó sì ń dalẹ̀ ẹni. Mo ṣe àmín. Pétérù sẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sẹ́, ojú mi gbẹ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, táyà mi jò ní Alékúwodò, kò sì sí fọ́kanáísà mìíràn nítòsí. Múfú ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrun Jímọ̀ dé.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé," ló wí. "Ẹ jókòó."

Ẹ. Láti ọjọ́ tí a ti mọra, kò pè mí ní ẹ̀yin rí.

Ó lẹ táyà náà. Lẹ́yìn náà ló ṣí búùtù mi, ó gbé sípíà jáde, ó gbé e wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó yọ ọ́, ó dá a padà. N kò rán an níṣẹ́ ìyẹn. Mo bi í pé kí ló dé.

"Gbogbo ẹni tó bá wá ni mo ń ṣe é fún báyìí," ló wí. "N kì í bi wọ́n léèrè mọ́. Ẹni tí mo gbà gbọ́ ló kọ́ mi."

Mo ní, "Múfú, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..."

Ó ní, "Èmi mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èmi kọ́ lẹ máa sọ ọ́ fún."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá ti darúgbó, ara wọn kò le. Wọ́n ti sọ fún ìjọ pé èmi ni kí n ka Bíbélì níbi ìsìnkú wọn, nítorí n kò já wọn kulẹ̀ rí. Tí mo bá sọ ọ́ fún wọn ní kọ̀rọ̀, ta ni yóò dá orúkọ Múfú padà láàárín ìjọ? Tí mo bá sì sọ ọ́ ní gbangba, ṣé ọkàn Bàbá yóò gbà á? Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, èmi ni mo máa ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní.

Bí èyí bá sì dé ọwọ́ rẹ, Múfú, jọ̀ọ́. N kò ní kí a tún máa ṣọ̀rẹ́. Ṣáà tún pè mí ní ìwọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o fẹ́ fi bú mi ni.