Ìbọn Tí Kò Bàjẹ́

Mo ń dúró de ọkọ́ mi ní àgbẹ̀dẹ kan ní Ọ̀fà, láyé ìgbà tí rélùwéè ń kó àwọn ọmọ wa lọ sí Èkó àti Kàdúná, nígbà tí bàbá arúgbó kan gbé ìbọn ọdẹ rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ.

"Bá mi gé e, kí o fi irin rẹ̀ rọ ọ̀bẹ."

"Bàbá, ìbọn yìí ò mà bàjẹ́."

"Ṣé mo ní ó bàjẹ́ ni? Ta ni mo fẹ́ máa yìn ín fún? Nígbà tí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílé, bí mo bá pa àparò lóko, ìyá wọn á sun ún, àwọn á máa jà du itan. Rélùwéè kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wọn náà kú lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ ṣì lè máa fi najú. Ṣebí ẹ fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe."

"Lánàá, mo pa ẹtu. Mo sè é, mo pín in sọ́nà márùn-ún, mo tò ó sínú àwo."

Alágbẹ̀dẹ gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹni márùn-ún wo, bàbá?"

"Ohun tí mo bi ara mi náà nìyẹn, nígbà tí mo pè wọ́n wá jẹun tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn."