Kíkí Ìyá Lórí Ìdúró

Ẹ bá mi kí agboòrùn, ọba gbogbo ọ̀pá, tí àgbà fi ń tilẹ̀ rìn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kí ayé má baà mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún. Nínú mọ́tò Ìlọrà, tíṣà àgbà kan tó jókòó níwájú mi di tirẹ̀ mú, ó ń bá obìnrin tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

“Dókítà ní purotéènì tó di kèrékèré orúnkún mi mú ti ń tú. Egungun ló wá ń ha egungun.”

“Ẹ máa jẹ kèrékèré ẹran, Bàbá.”

“Mo ti jẹ ẹ́ tì. Ikùn ló ń gbà á, kì í dé orúnkún. Ìyá mi ṣì wà ní Akinmọ̀rìn. Ó wù mí kí n tún dọ̀bálẹ̀ kí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Orí ìdúró ni mo ti ń kí i báyìí, ó rò pé mo ti di ọ̀gá.”

“Ẹ sọ fún un.”

“Kí n sọ fún ìyá mi pé mo ti gbó jù ú lọ?”

Orí ìdúró lèmi náà ti ń kí ìyá mi nígbà náà, kò sì sí nǹkan tó ṣe orúnkún mi.