Kapásítọ̀ Mẹ́rin Tí Elétí-Ehoro Kọ̀ Láti Pààrọ̀

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá jókòó tì wá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á bí ohùn mi bá ń já. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi Ìyá Ìbejì fi jókòó kojú ọkùnrin tí a wá sin yìí nídìí tábìlì kan ṣoṣo. Wọ́n ń tún rédíò àti ampilifáyà àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ṣe, èmi ń bá wọn jó lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń so wáyà pọ̀. Ẹ̀yin ń pè wọ́n ní Elétí-Ehoro, èmi ń pè wọ́n ní Ọ̀gá. Ẹ ò sì ṣì wọ́n pè. Oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì sọ ohun tó ń ṣe rédíò rẹ̀, Ọ̀gá á ti sọ fún un pé àtẹ́lẹ̀ bàtà òsì rẹ̀ ti ń ṣí.

Wọ́n láàánú. Màmá tí ojú wọn ò ríran mọ́, tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ta ló ń gbé rédíò ara rẹ̀ wá yá yín nígbàkigbà tí tiyín bá wà lórí tábìlì wa? Àbí mo parọ́? Ṣùgbọ́n wọ́n lágídí. Bí ẹ bá ní kí Ọ̀gá gba ọ̀tún, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé kí ni òsì ṣe yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nǹkan kékeré kan wà nínú ampilifáyà tí à ń pè ní kapásítọ̀. Ó ń gba iná sára bí ìkòkò ṣe ń gba omi. Bí ẹ bá tiẹ̀ fa wáyà yọ kúrò lára ògiri, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀, kó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó máa dúró de ọwọ́ èèyàn.

Ọ̀gá ní ampilifáyà kan nílé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe nígbà tí wọn ò tíì gbéyàwó. Mẹ́rin ni kapásítọ̀ tó wà nínú rẹ̀, bébà tí wọ́n rẹ sínú òróró ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka àárín. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ti kógbá sílé tipẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ohùn orin dénú ń wá irú wọn kiri bí ẹni wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn. Ọkùnrin kan rin ìrìn ọjọ́ méjì wá, ó ní òun á fi ampilifáyà tuntun méjì pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá fún un lómi tútù mu, wọ́n sin ín dé ojú títì.

Nítorí téèpù kan ni. Ìyàwó wọn ló sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, oṣù mẹ́rin kó tó kú, ó ń kí ọmọ wọn, télọ̀ tó jókòó lápá ọ̀tún mi yìí, nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni Ọ̀gá ń gbọ́ ọ. Ohùn náà á jáde, á rọ̀, á kún inú yàrá. Wọ́n ní kapásítọ̀ tuntun kankan ò lè gbé e bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí òróró tó ń sun lára ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ti wú. Mo sọ fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀gá ní ojo ni mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, èmi àti ọmọ wọn wà ní ilé ìdáná, a gbọ́ ìró bí ìgbà tí èèyàn gbá ilẹ̀kùn. A sáré wọlé. Kapásítọ̀ tó ń jò ti jẹ́ kí iná dé ara irin ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá kàn fẹ́ yí ohùn sókè ni. Iná ti di ọwọ́ wọn mú, eyín wọn pàdé, ojú wọn là sílẹ̀, wọn ò lè ké. Ìyàwó wọn sì ń sọ̀rọ̀ lọ nínú téèpù. Ọmọ wọn fẹ́ dì mọ́ wọn. Mo fi èjìká gbá a ṣubú, mo gbé àga onígi, mo fi gbá ọwọ́ wọn kúrò.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn. Ọmọ wọn ní, “Ẹ bá mi yọ àwọn kapásítọ̀ yẹn kí Bàbá tó dé.” Mo yọ wọ́n. Mo fi tuntun sí i, oníke, tí kò gùn ju èékánná lọ. A ò sọ fún wọn.

Ọ̀gá dé. Wọ́n tẹ téèpù. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dá a padà, wọ́n tún un gbọ́. Ojú wọn yí padà. Mo ní ó parí, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ta ló ń mí báyẹn?”

Èmi náà tẹ́tí. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, ìyàwó wọn ń já èémí gbà, kúkúrú, kúkúrú, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn kapásítọ̀ àtijọ́ fi bo ìró yẹn mọ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Ọ̀gá fi ń sọ fún gbogbo wa pé òjijì ni ikú ìyàwó àwọn.

“Ó ti ń ṣàìsàn,” ni wọ́n wí. “Mo jókòó tì í. Mi ò gbọ́.”

Wọ́n ní kí n dá àwọn àtijọ́ padà. Mo ní rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Ọ̀gá ò fi jẹ́ kíkí mi, a sì ń jókòó kojú ara wa nídìí tábìlì kan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo gbé rédíò kan ka orí tábìlì. Ọ̀gá gbé irin ìjólẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

“Tún mí,” ni wọ́n wí.

Mo ní kí lẹ wí, Ọ̀gá?

“Mo ní kí o tún mí èémí, kí n gbọ́.”

Mo mí. Wọ́n ní kí n mú ìborùn mi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì bá omi tó ń kún yí ọkàn mi ká. Ó ní ká ní mo dúró díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ á ti bọ́ sórí. Ohun tó jẹ́ kí n dúró níwájú yín nìyẹn.

Àwọn kan ti ń bi mí nípa kapásítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má bi mí mọ́. Ọ̀gá fúnra wọn ló kó wọn fún àwọn tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí olóró mọ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkàn tiwọn náà rẹ̀. Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Lórí ibùsùn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin tó pè mí ní ojo ní, “Ẹ̀rù ń bà mí. Má lọ.” Mi ò lọ. Èmi àti ọmọ wọn, a ò lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni n ó padà lọ fún àyẹ̀wò. Láràárọ̀ ni mo ń dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ń tẹ́tí sí èémí ara mi, mi ò sì mọ ohun tí mò ń gbọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ni yóò gbọ́ mi? Ta ni yóò gbọ́ yín? Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá délé, ẹ tẹ́tí sí ẹni tó sún mọ́ yín jù lọ.

Ọ̀gá mi, ẹ máa lọ ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀nà á là fún yín, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ̀. Bí ẹ bá rí ìyàwó yín, ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.