Ẹ̀gún Ọ̀pẹ Nínú Ìka Bàbá Bànjò

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fi ìka márùn-ún sí ọwọ́ òsì mi, tí kò sì jẹ́ kí ó dín ọ̀kan. Ẹ̀yin ará, ẹ pariwo Halelúyà! Háà, àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń tòògbé o. Ó dáa, tí ẹ bá gbọ́ tèmi, ẹ ó jí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Epo ni mo ń ṣe ní Erínjẹ níbí, orin ni mo sì ń kọ. Inú ẹkù, kòtò tí a ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, ni orin ti máa ń bá mi. Tí mo bá jáde, màá fọ ẹsẹ̀, màá kọ ọ́ sílẹ̀ ní dò-rè-mí fún kúáyà. Olóògbé tíṣà wa ló kọ́ mi ní kílásíkà, orin olóhùn mẹ́rin ti àwọn òyìnbó àtijọ́, pẹ̀lú fáolì, gòjé àwọn òyìnbó. Bànjò, ohun èlò olókùn bíi gìtá, àti búlúgíráàsì ní tiwọn, orí fóònù ni mo ti kọ́ wọn. Orin àwọn àgbẹ̀ orí òkè ní Amẹ́ríkà ni búlúgíráàsì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní àwọn èèyàn yìí náà ti tẹ ẹyìn rí! Bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ nínú ẹkù gẹ́lẹ́ ni bànjò wọn ń lọ. Mo wá ń da méjèèjì pọ̀: kúáyà á gbé ohùn mẹ́rin, bànjò á máa sáré láàárín wọn. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Bàbá Bànjò, ẹ má sẹ́.

Nígbà tí Ìkórè ń bọ̀, mo ti kọ orin tuntun tán, ibi tí bànjò nìkan á ti sọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń gé ìdì ẹyìn kan báyìí, ẹ̀gún ọ̀pẹ wọ ìka àárín mi, ọwọ́ òsì. Kí la máa ń ṣe níbí? Mo fà á yọ, mo fi àdí gbígbóná pa á, mo fi aṣọ dì í, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ló máa ń torí ẹ̀gún lọ sí ọsibítù ní Ìkálẹ̀? Mi ò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti kán sínú.

Ìka wú. Ó wú bí ẹ̀gẹ́ tuntun, kò ṣe é fi tẹ okùn bànjò mọ́. Ìyá mi tí ẹ rí lọ́hùn-ún yẹn bú sẹ́kún: "Ọma mi, ayé ti rí ẹ! Mo ní kí o fi orin òyìnbó sílẹ̀!" Kì í ṣe ayé, ẹ̀gún ni, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyé?

Mo lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa. Wọ́n ya àwòrán egungun ọwọ́ mi, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà fún mi lóògùn, ó ní tí wíwú náà kò bá lọ sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn máa gé ìka náà kí ó má baà ba ọwọ́ jẹ́. Ará, mo sunkún lórí ọ̀kadà títí dé Erínjẹ. Ọlọ́kadà rò pé èèyàn ló kú. Bí ìka yẹn bá lọ, bànjò lọ, fáolì lọ. Kí ni ẹ ó wá máa pè mí? Bàbá Epo!

Mi ò yà sílé. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì níbí, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àdúrà. Ìyá gbàdúrà títí, wọ́n ní, "Má pa oògùn dókítà tì o. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, po iyọ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí o ka Sáàmù. O ò gbọdọ̀ yọ ọwọ́ títí wàá fi kà á tán." Ẹ mọ̀ mí, mi ò ní sùúrù. Mo wá Sáàmù tó kúrú jù, ẹsẹ méjì péré! Ìyàwó mi lọ fẹjọ́ mi sùn. Ìyá ránṣẹ́ padà: "Sọ fún Bàbá Bànjò pé èyí tó gùn jù ni kó kà."

Yéè! Ẹ mọ bí Sáàmù yẹn ṣe gùn tó? Omi á tutù, ìyàwó mi á bu gbígbóná sí i, á tún tutù. Oorun ń kùn mí. Kí n má baà sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin kà á. Bí wọ́n ṣe pín in sí ìpín-ìpín, mo fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀: èyí ní kílásíkà, jẹ́jẹ́, èyí ní búlúgíráàsì, kíákíá. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ ilẹ̀, ìyàwó mi tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé ń gbè é. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹ mọ̀ pé wọ́n lóhùn. Inú mi dùn, mo gbàgbé pé nǹkan ń dùn mí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà sọ́dọ̀ dókítà, ní ìrọ̀lẹ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á dé ìparí, ni mo rí i tí omi yí àwọ̀ padà. Ìka ti tú fúnra rẹ̀! Ìyàwó mi fi aṣọ mímọ́ nù ún, ó ní, "Kí ni dúdú yìí?" Ó rọra fà á. Ẹ̀gún ni, ará! Ẹ̀gún tó sá pamọ́ fún ẹ̀rọ! Ìyàwó mi kígbe, gbogbo ilé sáré jáde, ẹja jóná lórí iná, kò sẹ́ni tó bínú.

Dókítà yí ìka náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Bàbá, a ò gé nǹkan kan mọ́. Ẹ ṣáà lo oògùn yín tán." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa wá gbọ́ bànjò náà.

Àwọn kan ní kí n mú ẹ̀gún yẹn wá kí ẹ fojú rí i. Mi ò mú un wá, mo ti jù ú síná. Ìka ni mo mú wá. Ẹ wò ó! Ó ṣì ń ro mí díẹ̀ tí mo bá tẹ okùn, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́. Orin Ìkórè ti tẹ́lẹ̀, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí Olúwa fún mi nínú omi iyọ̀ la ó kọ. Tirẹ̀ ni gbogbo ògo. Ẹ̀gún yòówù tó bá sá pamọ́ sínú ayé yín, yóò jáde!

Ẹ bá mi yọ̀, ará. Kúáyà, ẹ dìde. Súpúránò, ẹ má sáré ju bànjò lọ o. Ìyé mi, ẹ̀yin náà ẹ bọ́ síwájú, ẹ wá jó orin òyìnbó.