Orúkọ Bàbá Tí Zacharie Kọ Sára Ọ̀pẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lọ́dún kẹsàn-án tí Dàhòmì gba òmìnira, Zacharie pinnu pé ohun tí òun ti gbé mì láti ọdún mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu òun kí oòrùn tó wọ̀. Kì í ṣe pé ó ṣàdédé di ènìyàn mímọ́. Ó ń ti ilé rẹ̀ ní Ita-Djèbou bọ̀ ni ó rí àwọn tó ń wó ọ̀pẹ fún ẹmu tí wọ́n fi ń ṣe ọtí sódàbì, nínú oko Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn. Ìyá náà ti dàgbà, kò rí ẹni bá a kọ ẹyìn mọ́, ó ní kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin ti wà nílẹ̀. Ọ̀pẹ kúkúrú tó wà létí ọ̀nà ṣì dúró. Zacharie bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Pobè bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè, alárinà ni wọ́n ń pe Zacharie, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Òun ló ń fi igbà gun ọ̀pẹ, tí yóò fi àpò aṣọ bo òdòdó abo kí ó tó là, kí atẹ́gùn má bàa gbé ọkọ tí ẹnikẹ́ni ò yàn wá fún un. Bí ó bá là, yóò fẹ́ lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ tí wọ́n yàn sínú àpò náà, yóò so páálí mọ́ ọn, yóò sì kọ nọ́ńbà bàbá sí i. Bonaventure, ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ tó kàwé dé ìlú òyìnbó, ń ya ìdílé àwọn ọ̀pẹ náà sára ògiri bí ẹni ń to ìran ọba. Ó máa ń ní ohun kan ṣoṣo kọ́ ló ń mú ìdì ẹyìn wúwo, ohun kéékèèké púpọ̀ ni, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá, iṣẹ́ àwọn sì ni láti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá. Bí orúkọ bàbá kan bá jẹ́ irọ́, gbogbo ìṣirò rẹ̀ dàrú nìyẹn.

Zacharie ò jókòó nígbà tí ọ̀gá ní kó jókòó. Ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀pẹ kẹtàdínlógún kọ́ ni bàbá àwọn tí ẹ fẹ́ràn yẹn. Èmi ni mo parọ́ fún yín."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó gbé ìgò lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ kẹtàdínlógún lọ sílé, ohun tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ṣe, nítorí òdòdó náà máa là lọ́jọ́ Ajé, ó sì fẹ́ gba ìdí ọ̀pẹ lọ tààrà. Àtíkè funfun ni wọ́n ń pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú yìí kó lè fẹ́ dáadáa. Marcelline, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Victorine ni. Èjìdé, ìyá Zacharie, wẹ ọmọ tán, ó rí ìgò lórí tábìlì, ó rò pé àtíkè ọmọ ni, ó fi pa á lọ́rùn, ó fi pa á lábíyá títí ìgò fi gbẹ, ó sì yin Zacharie pé ó gbọ́n tó fi ra àtíkè sílẹ̀. Zacharie rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà á. Òdòdó kì í dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n sì lè lé e lẹ́nu iṣẹ́. Nídàájí ọjọ́ Ajé, ó gbọn òdòdó akọ ọ̀pẹ kúkúrú inú oko Ọ̀ṣuntóyìn sínú ìwé, ó pò ó mọ́ àtíkè Victorine gan-an, ó fẹ́ ẹ sínú àpò, ó sì kọ mẹ́tàdínlógún sára páálí.

Ká ní àwọn ọ̀pẹ tó hù látinú èso rẹ̀ ò dára ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n so, igi wọn kúrú, ìdì ẹyìn wọn sì wúwo débi pé èèyàn méjì ló ń gbé e. Àwọn ọmọ tí ìyá kan náà bí fún ọ̀pẹ kẹtàdínlógún gan-an ò sì jọ wọ́n rárá. Bonaventure ṣírò ó, ó tún un ṣírò, orí rẹ̀ gbóná. Nígbẹ̀yìn, ó ní Séverin tó ń wọn ìdì ẹyìn ló kọ ohun tí kò wọ̀n.

Ibí yìí ni ohùn Zacharie ti yí padà. Ó ní Séverin yíjú sí òun lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni mo ṣe ń wọ̀n wọ́n. Ẹ bá mi sọ ọ́." Òun sì dáhùn pé òun ò wo òṣùwọ̀n.

"Mo wò ó, Ọ̀gá. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Ọmọkùnrin yẹn ò jalè, kò parọ́, ẹ lé e, mo sì lọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

Bonaventure nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ọ̀pẹ náà ṣì wà níbẹ̀?"

Nígbà tí mọ́tò wọn dé Ita-Djèbou nírọ̀lẹ́, méje ti wà nílẹ̀, àáké sì ti kan ìdí ti ẹ̀bá ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó ní ká ní ẹnì kan ti sọ fún òun pé ọ̀pẹ òun ní ọmọ ní Pobè, òun ì bá ti máa bèèrè àlàáfíà wọn. Ó fi igi náà sílẹ̀. Zacharie fọwọ́ kan ibi tí àáké ti gé igi náà, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awóọ̀pẹ tí ọwọ́ wọn lọ́ra.

Láti ibẹ̀, wọ́n lọ sí Takon, níbi tí Séverin ti ń roko olóko. Zacharie dọ̀bálẹ̀ sórí ebè. Séverin gbọ́ ọ tán, ó nu ọkọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi gbé ọkọ́ yìí, ó ti rẹ̀ mí."

Wọ́n gba iṣẹ́ alárinà lọ́wọ́ Zacharie. Séverin padà sídìí òṣùwọ̀n, Zacharie sì ń gbé ìdì ẹyìn wá fún un, ó ń dúpẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ kalẹ̀, títí Séverin fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ alárinà bá wá kí i, kò ní ìmọ̀ràn méjì fún wọn. Ó máa ń ní, "Ìgò tó bá ti ṣófo, ẹ kọ ọ́ pé ó ṣófo."