Àṣírí Abísínwín Tí Mo Tú

Ẹ má ṣe pè mí ní Dókítà mọ́. Àìsàn tí ó dá mi dúbúlẹ̀ ní ìlú Ìbà l'Ékòó yìí kò ní í jẹ́ kí n pẹ́, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Ní ọdún 1991, èmi àti Ọláfúnkẹ́, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, jọ ń wá àyè láti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá nílé-ìwé àti láwùjọ. Àyè kan ṣoṣo ni ó wà. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ẹ́sítéètì Ìbà, a ń fi ìbéèrè dán ara wa wò. Mo bi í ní ìdí tí ó fi yan ẹ̀kọ́ náà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá Clement, nígbà tí mo bí Abíọ́dún, abísínwín mú mi. Wọ́n so mí lọ́wọ́ ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan ni ó jókòó tì mí, tí ó ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ojú mi fi wálẹ̀. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣe fún àwọn ìyá ọmọ iléèwé wa. Nínú gbogbo ojúlùmọ̀ mi, ọkọ mi nìkan ni ó mọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ó jáde." Mo ní, "Ó ti kú sí ikùn mi."

Irọ́! Ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Ìdáhùn rẹ̀ ju tèmi lọ, ẹ̀rù sì bà mí. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Kí n tó dìde, mo wí fún àwọn àgbà yunifásítì tí ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ rọra bá obìnrin tí ń bọ̀ lẹ́yìn mi sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ ti dàrú rí." Ohùn àánú ni mo fi sọ ọ́, bí ẹni ń gbàdúrà!

Ó jáde tòun tẹkún. Ní ibùdókọ̀ Ìyànà-Ìbà ó ní, "Wọ́n bi mí bóyá mo ti ya wèrè rí. Ta ni ó sọ fún wọn?" Ibẹ̀ ni mo ti di ẹranko. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe Adéwùmí ọkọ rẹ? Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kì í fẹ́ kí ìyàwó kàwé ju àwọn lọ." Ó dáhùn pé, "Òun àti ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ̀. Ẹ̀yin kò sì lè ṣe é."

Adéwùmí gbé Bíbélì, ó búra pé òun kọ́. Ọláfúnkẹ́ kò gbà. Ó kó ẹrù, ó gbé Abíọ́dún, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Èkìtì. Èmi wọlé, èmi gboyè, èmi wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń pa àṣírí mọ́! Ojú kò sì tì mí!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá mọ̀ jù yín lọ, ẹ kàwé sí i. Ẹ má ṣe wá ibi tí ó ti ń dùn ún. Ọláfúnkẹ́, bí o bá fẹ́, má dárí jì mí. Ṣùgbọ́n padà lọ bá Adéwùmí. Òótọ́ ni ó búra.